Páìpù Abẹ́ Ilẹ̀: Kì í Ṣe Olè Nìkan Ló Ń Bẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Màídúgùrì àti káàkiri ìpínlẹ̀ Borno, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń rà sílé la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí.

Púpọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sí Èkó àti Ògùn láti fi ra ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá páìpù epo tàbí gáàsì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé bí kò bá ti sí olè ládùúgbò, kò séwu. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, olè ló fọ́ páìpù Abúlé-Ẹ̀gbá tó gbiná lọ́jọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2006, tó pa èèyàn tó lé ní 200. Katakata tó ń ṣe ọ̀nà ló gbá ti Ìjẹ̀gùn lóṣù karùn-ún, ọdún 2008. Ṣùgbọ́n páìpù gáàsì tó bú gbàmù nítòsí Natchitoches, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 4, oṣù kẹta, ọdún 1965, tó pa èèyàn 17, olè kọ́ ló fọ́ ọ. Irin náà ló sán fúnra rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Wọ́n máa ń fi ọ̀dà tàbí ike bo páìpù kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Bí ìbora yìí bá ṣí, omi ilẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀. Gáàsì tó há sínú páìpù sì ń ti irin síta tọ̀sántòru. Omi lóde, agbára nínú, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í sán tín-ín-rín bí irun. Èyí yàtọ̀ sí dídípẹtà tí gbogbo wa mọ̀, nítorí ojú lásán kò lè rí i. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú sísán wọ̀nyí tó so pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá so pọ̀ ni páìpù máa bẹ́.

Kì í ṣe pé kò ní àtúnṣe. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń rán gba inú páìpù láti wá ojú sísán. Wọ́n tún lè rọ omi sí i, kí agbára omi náà ju ti gáàsì lọ, láti fi dán an wò. Iṣẹ́ ìjọba àti iléeṣẹ́ tó ni páìpù nìyẹn, ó sì yẹ ká máa bi wọ́n. Páìpù gáàsì Ajaokuta sí Kaduna sí Kano, tó gùn ní kìlómítà 614, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, gba ìlú táwọn èèyàn wa ń gbé.

Tiwa ni pé ká má sanwó ilẹ̀ láìjẹ́ pé sọ́fíyọ̀ tí a fọkàn tán dé ibẹ̀. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà páìpù, ìjọba lè wó o. Bí ìjọba kò bá wó o, iná lè jó o tòun ti àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi òógùn ojú wa ra ikú.