Ilẹ̀, Irúgbìn àti Ẹ̀bi Obìnrin

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹ̀kọ́ tí Ìwé Sushruta fi lélẹ̀ fún àwọn oníṣègùn Ayurveda ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́ kò jìnnà sí òwe yìí. Ìwé náà fi oyún wé èéhù tí ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé fún kí ó tó hù: àsìkò, ilẹ̀, èyí tí í ṣe ilé ọmọ, omi, èyí tí í ṣe oje oúnjẹ, àti irúgbìn, èyí tí tọkọtaya jọ ń mú wá.

Níbo, nígbà náà, ni àwọn kan ti rí àṣẹ láti máa fi orúkọ Ayurveda di ẹrù àìrọ́mọbí lé obìnrin nìkan lórí? Kì í ṣe lọ́dọ̀ Charaka. Nínú orí 30 ní apá ìtọ́jú ìwé rẹ̀, àrùn abẹ́ obìnrin 20 wà níbẹ̀, àbùkù àtọ̀ ọkùnrin 8 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó yẹ ilẹ̀ wò tí kò yẹ irúgbìn wò, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń kókìkí ìwé àtijọ́ má tíì yọ̀. Àwọn ìwé yìí kan náà ni ó sọ pé bí àtọ̀ bá borí, ọmọkùnrin ni a ó bí. Àwọn ni ó sì la ètò pumsavana sílẹ̀ kí ọlẹ̀ lè di akọ. Irọ́ ni. Láti 1905 ni Nettie Stevens ti fi hàn lára kòkòrò pé inú àtọ̀ ni ìyàtọ̀ akọ àti abo ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára ènìyàn. Àgbo tí aboyún mu kò lè yí i padà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Nínú ìkànìyàn Íńdíà ti 2011, láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, ọmọbìnrin kò pé 920 sí ọmọkùnrin 1,000. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú àti oyún ṣíṣẹ́ ni ó fà á jù, kì í ṣe àgbo. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ọmọkùnrin kan náà ni ó bí méjèèjì. Abájọ tí òfin 1994, tí àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, fi ka ìpolówó yíyan akọ tàbí abo léèwọ̀, ìbáà ṣe lọ́nà sáyẹ́ǹsì, ìbáà ṣe lọ́nà mìíràn.

Àwọn kan yóò ní irú àríwísí bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù ogún baba. Rárá o. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ojúṣe atúmọ̀ àti olùkọ́ tí ń gbé ìwé wọ̀nyí wọ èdè Áfíríkà ni láti túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, kí ó sì sọ èyí tí ó ti kùnà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe ilẹ̀ ní aṣálẹ̀ kí ó tó yẹ irúgbìn wò.