Ìwé-ẹ̀rí ń béèrè kòkòrò, kò béèrè ohun tó pa kòkòrò

Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni àjọ EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa. Nígbà tó di 2016, wọ́n ní àwọn ò tíì rí àyípadà kankan, wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé e. Ó di 2019, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí oúnjẹ tó ń ti òkè òkun wọlé, ẹ̀wà wa ṣì wà nínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà lára EU nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀wà olóyin se mọ́ínmọ́ín lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn kan láàárín wa ṣì ń sọ pé òyìnbó kórìíra wa ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká wo ìṣirò. Oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos ni wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà, òun ló sì sábà máa ń wà nínú ọta-piapia tí wọ́n ń polówó kiri àwọn ọjà wa. Òfin EU ní kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ká bàa lè mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó: bí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún àpò ẹ̀wà jọ, tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò, gíráàmù kan péré ló lè wà nínú gbogbo wọn pátá, kò tó ìdajì ṣíbí tíì. Èyí tó kéré jù nínú ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tiwa jẹ́ 0.03, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin fọwọ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 4.6. Ìlọ́po 460 nìyẹn! Ẹni tó bá ní 0.01 ti le jù, a lè jọ jókòó jiyàn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 460 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra.

Ẹrù tó bá fẹ́ gba ojú ọ̀nà tó tọ́ jáde ní Nàìjíríà kì í ṣaláìní ìwé o. Oníṣòwò á gba fọ́ọ̀mù NXP ní báńkì. Á san owó NESS fún ìjọba àpapọ̀, ìyẹn 0.5% iye owó ọjà rẹ̀. Wọ́n á yẹ ẹrù rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní CCI. Á tún lọ sọ́dọ̀ àjọ NAQS, àwọn tó ń rí sí àrùn ewéko àti ti ẹran, tí wọ́n ní ọ́fíìsì ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, kí wọ́n lè fún un ní ìwé-ẹ̀rí phytosanitary. Ìwé kún ọwọ́ wa. Kí ló wá dé tí oró fi ń bá ìwé rìn?

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ bá wa fara balẹ̀ sí nìyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ohun tí ìwé phytosanitary ń jẹ́rìí sí gan-an. Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ewéko, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1951, ló bí i. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ ẹrù yìí wò, wọn ò rí kòkòrò tàbí àrùn ewéko tí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà á kò fẹ́. Ó parí síbẹ̀. Kò sọ pé kò sí oró nínú oúnjẹ náà.

Ẹ wá wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Oníṣòwò tó da ọta-piapia sínú àpò ẹ̀wà, kòkòrò inú rẹ̀ á kú tán pátápátá. Bí olùyẹ̀wò bá dé, á tú àpò, á fi ọwọ́ rò ó, kò ní rí ohun tó ń rìn níbẹ̀. Á lu òǹtẹ̀. Kò sì purọ́, ẹ̀wà náà kò ní kòkòrò lóòótọ́. Oníṣòwò kejì tó kọ̀, tó ní òun ò ní fi májèlé sí ohun tí ọmọ ẹlòmíràn máa jẹ, ẹrù tirẹ̀ ni wọ́n máa bá kòkòrò nínú ẹ̀, òun ni wọ́n máa ní kó gbé ẹ̀wà rẹ̀ padà sílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹni tó da májèlé ló ń yege. Ojú lásán kò rí dichlorvos. Láàbù ló ń rí i, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹrù dé láàbù Yúróòpù kó tó kọ́kọ́ dé láàbù tiwa.

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ àyẹ̀wò ṣe nílẹ̀ yìí. Àwọn tó dàgbà sí Oǹdó, Iléṣà tàbí Ìbàdàn mọ pròdúùsì ìnsípẹ́kítọ̀ dáadáa. Ìnsípẹ́kítọ̀ ayé ọjọ́un kì í wo ẹ̀yìn àpò kòkó kó sì máa lọ. Á bu kòkó láti inú àpò, á ka ọ̀ọ́dúnrún, á fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì. Èyí tó ti hu, èyí tí inú rẹ̀ ṣì le gbagidi nítorí pé wọn ò jẹ́ kó ṣú dáadáa, èyí tí kòkòrò ti jẹ, á kà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí èyí tó hu bá ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò lè jẹ́ Grade One mọ́, ẹni yòówù tó bá ni ín. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá já kòkó rẹ̀ wálẹ̀ á bínú, á sì lọ tún un sá. Nígbà tí ìjọba tú àwọn marketing board ká lọ́dún 1986, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń rà, èyí tó gbẹ ni o, èyí tí kò gbẹ ni o, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ bi àgbẹ̀ ohun tí wọ́n wá ṣe, owó orí àpò ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Ẹ tún wo Gánà. Ọdún 2015 yẹn náà, ní oṣù kẹwàá, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn náà. Ewébẹ̀ márùn-ún ló kàn: ata, ìgbá, àti mẹ́ta nínú àwọn tó jẹ́ ìbátan elégédé. Kòkòrò ààyè ni wọ́n ń bá nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹrù náà ní ìwé-ẹ̀rí. Ìyẹn ni pé òǹtẹ̀ Gánà gan-an ni wọn ò gbà gbọ́ mọ́. Wọ́n kó àwọn olùyẹ̀wò wọn lọ tún kọ́ṣẹ́, wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Kòtókà tò, wọ́n sì ń dá ẹrù tí kò dáa dúró kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní 2018, EU ti ṣílẹ̀kùn padà fún wọn. A ò sọ pé ara Gánà gbọ́n jù wá lọ o. Ìṣòro tiwọn tiẹ̀ rọrùn ju tiwa lọ, torí pé kòkòrò tó ń rìn ṣeé fojú rí. Ṣùgbọ́n ọdún méjì àti díẹ̀ ni wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ tilẹ̀ òkèèrè kọ́ ló ń dùn wá jù. Ẹ̀wà tí Yúróòpù ní òun ò fẹ́, ibo lẹ rò pé irú rẹ̀ ń lọ? Bódìjà ni. Mile 12 ni. Inú ìkòkò wa ni. Kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan tó ń tẹ̀lé e débẹ̀. Ìyá tó ń se ẹ̀wà fún ọmọ iléèwé á ṣà á, á bọ̀ ọ́, á da omi àkọ́kọ́ nù, á ní ó ti tán. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, nítorí àwọn tó ń gbé e mu àtàwọn tó ń dà á sí oúnjẹ. Òfin náà dáa. Àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀wà ọgọ́rùn-ún àpò nílé ìkẹ́rùsí kì í ra ìgò kékeré.

Ká má sì purọ́ mọ́ oníṣòwò náà. Owó tó yá ló fi rà á. Bí kòkòrò bá wọ ẹ̀wà ẹ, oṣù díẹ̀ ló máa fi di ìyẹ̀fun lójú ẹ̀, ẹni tó yá a lówó kò ní fetí sí ìyẹn. Ọ̀nà mìíràn sì wà. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò lásán ló wà níta. Bí ẹ bá ti da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sí i, tí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu le, afẹ́fẹ́ á tán mọ́ kòkòrò nínú, wọn ò ní lè jẹun, wọn ò ní lè bímọ, wọ́n á kú. Ẹ ò lo oògùn kankan. Nítorí ẹ̀wà gan-an ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe àpò náà. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, NSPRI, wà n'Ílọrin níbí, ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ohun tó jìnnà ni owó, torí àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, iye kan náà ni wọ́n sì ń ta kóńgò ẹ̀wà olóró àti èyí tí kò lóró lọ́jà. Ta ló máa náwó sí ohun tí oníbàárà kò lè rí?

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìwé-ẹ̀rí ẹ̀wà tó ń lọ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà èsì láàbù lára, kí èsì náà sì jẹ́ ti àpò tí wọ́n ń kó lọ gan-an. Ẹ̀wà tí kò bá yege, kí wọ́n má tún dà á padà sọ́jà fún wa. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìnsípẹ́kítọ̀ lọ́wọ́, wọn ò gbọdọ̀ máa dúró de Àbújá. Ọ̀sẹ̀ ò ní lọ kí ọkọ̀ ẹ̀wà má já ẹrù ní Bódìjà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n bu kóńgò kan nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì ọjà, ní èdè tí àwọn ìyá tó ń rà á lè kà.