Ẹ Jẹ́ Kí A Ya Àwòrán Ìlú Wa

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kékeré wò, ṣùgbọ́n tí àwa kò lè dákẹ́ lé lórí. Ọ̀ràn náà ni ti àwọn tí ń ya àwòrán ilé ńláńlá, afárá àti ìgboro àwọn ìlú wa, pàápàá jù lọ Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà sójú ní gbangba, kì í pẹ́ tí aláṣọ ìjọba kan yóò fi bi í léèrè ẹni tí ó fún un láṣẹ. Bí aláṣọ ìjọba kò bá rí i, àwọn ọmọ ìta yóò rí i, wọn yóò sì ní kí ó wá san owó ilẹ̀. Ẹlòmíràn a sanwó kí ó tó lọ. Ẹlòmíràn a pa àwòrán tí ó yà rẹ́, kí wọn má baà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé àṣà yìí kò dára, ó sì yẹ kí ó dópin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń yà. Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland, tí a ṣí ní 1990, wọ Èkó ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ gaara, yóò rí ọ̀wọ́ ilé gogoro lẹ́bàá ọ̀sà bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti hù jáde. Ilé NECOM alájà 32, tí a parí ní 1979, wà láàrin wọn. Nítòsí afárá yìí kan náà ni Mákòókó wà, níbi tí àwọn apẹja kọ́ ilé sórí òpó igi nínú omi. Àwòrán kan ṣoṣo lè kó méjèèjì pọ̀, ìwé púpọ̀ kò sì lè sọ ohun tí àwòrán náà yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Ìbàdàn. Láti orí Òkè Àrẹ̀, níbi tí ilé-ìṣọ́ Bower ti wà láti 1936, ènìyàn ń rí òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún lọ salalu, ó ń rí gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní 1929, ó sì ń rí Ilé Kòkó alájà 26, tí a parí ní 1965. Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi òógùn ojú wọn pa ni a fi kọ́ ilé náà. Ta ni ó wá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé kí ó má ya àwòrán rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní 1956 ni a kéde ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinúubú ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ilé náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ ní irú ọnà tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Brazil. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi wà lábẹ́ ààbò òfin, síbẹ̀ ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2016, a wó o palẹ̀. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ mọ bí fèrèsé ilé náà ti rí, àwòrán nìkan ni ó kù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni afárá Carter tí a kọ́kọ́ kọ́ ní 1901 kò sí mọ́. Òmíràn ni ó wà ní ipò rẹ̀. Iná jó Ilé Kòkó ní 1985, a kò sì tún un ṣí títí di 1992. Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí àwòrán ilé náà ṣáájú iná kò lè mọ̀ bóyá ẹwà bù sí i tàbí ó dín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bíi J. D. 'Okhai Ojeikere, olóògbé 2014, tí ó ya irun dídì àwọn obìnrin wa, tí ó sì ya àwọn ilé tí ń dìde lẹ́yìn òmìnira. Bí a bá ti lé irú wọn kúrò nígboro, kí ni ìbá kù fún wa?

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní ìlú kò fararọ, àti pé ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òótọ́ ni. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ète tí ó lè pa ààbò orílẹ̀-èdè lára ya àwòrán ibi tí a dáàbò bò, irú bíi bárékè ológun. Àwa kò bá òfin náà jà. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe bárékè. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kì í ṣe bárékè. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó ní ète búburú kò níí gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn kí gbogbo ayé lè rí i. Tẹlifóònù inú àpò rẹ̀ tó o. Ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́, àti onífótò tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni ìdílọ́wọ́ yìí ń pa lára.

Nítorí náà, a ké sí ìjọba pé kí ó fi àmì hàn kedere ní ibi tí a kò gbọ́dọ̀ ti ya àwòrán, kí ó sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ibi tí kò bá ti sí àmì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí a sì fi òpin sí owó tí a ń gbà láìfún ni ní rìsíìtì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí aṣáájú ń gé rìbọ́nnù nìkan ni kámẹ́rà yóò máa jáde. Àwòrán ọ̀nà kan ṣáájú ìdìbò àti àwòrán ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a kò lè fowó rà. Ìjọba tí ó ṣiṣẹ́ kò ní ìdí láti sá fún kámẹ́rà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ọwọ́ yín ni èyí tí ó pọ̀ jù wà. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yan ibì kan ní ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe orí òkè, iwájú ààfin tàbí ẹnu ọjà, kí ó sì máa ya àwòrán ibẹ̀ lọ́dọọdún láti ojú kan náà. Ẹ yẹra fún ìgbà ọyẹ́, nítorí kùrukùru a máa bo ohun tí ó jìnnà. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti orúkọ ibẹ̀ sí ara rẹ̀, nítorí àwòrán tí kò ní orúkọ, bí ọmọ tí kò mọ ilé ni. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Kí wọ́n má ṣe fi òṣì ẹlòmíràn ṣe ìran, kí wọ́n má sì ṣe fi ẹ̀gbin ìlú pamọ́.

Ìlú kì í dúró sójú kan. Ohun tí a ń wò lónìí, àwọn ọmọ wa lè má bá a. Ẹ jẹ́ kí a yà á kí ó tó lọ.