Ẹ Má Pa Àwọn Ìyá Wa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fi sùúrù kà á. Ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí a ti Ọ̀fà dé.

Ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló gbé wa lọ. Òṣogbo la ti wọ ọkọ̀, ìyá àgbà kan sì jókòó tì wá, wọ́n gbé agbọ̀n lé itan. A ò tíì dé Ìkìrun tí wọ́n fi bi wá pé, "Ọmọ mi, kí ni oríkì rẹ?" A ní Àkànní ni. "Níbo ni ilé bàbá rẹ?" A ní Ọ̀fà ni, ọmọ Ọlálọmí.

Ẹ̀yin ará, ìyá yìí tún gèlè wọn wé, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe àwọn baba ńlá wa, wọ́n sọ ti ìjàkadì tí wọ́n fi ń mọ ará Ọ̀fà, wọ́n sì ń pe Àkànní mọ́ ọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí wa. Dírẹ́bà pa rédíò. Ọmọkùnrin tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn gbé e sílẹ̀. Nígbà tí a ó fi kọjá Òkukù, omi ti ń dà lójú wa, àwa pásítọ̀ tó gbé Bíbélì dání.

Kì í ṣe ayọ̀ ló pa wá lẹ́kún. Mọ̀ọ́mi wa la rántí. Láàárọ̀, tí a bá ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn, oríkì ni wọ́n fi ń dáhùn. Nígbà tí a di àtúnbí, iná ń jó lára wa, a ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ kan a sọ fún wọn pé, "Mọ̀ọ́mi, ẹ má kì wá mọ́. Nǹkan òrìṣà ni." Wọn ò bá wa jiyàn. Wọ́n ní, "Ó dáa, Pásítọ̀." Wọn ò pe wá ní Àkànní mọ́ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n sílé. Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a ò ní ohùn wọn níbì kankan.

Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí: àwa oníwàásù ti pa ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́nu mọ́ lórúkọ Jésù, Jésù ò sì rán wa.

Ẹ ṣí Lúùkù orí 1. Màríà gbéra, ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ olókè ní Jùdíà, lọ bá Èlísábẹ́tì. Èlísábẹ́tì ló kọ́kọ́ gbé ohùn sókè, ó kí i, ó sọ irú ẹni tó jẹ́ fún un. Lẹ́yìn ìkíni yẹn ni Màríà lanu kọrin, orin náà sì rántí Ábúráhámù àti àwọn baba. Obìnrin méjì, inú ilé kan, Ẹ̀mí Mímọ́ sì wà níbẹ̀. Àlùfáà tó ni ilé ńkọ́? Sakaráyà ò lè fọhùn lásìkò yẹn! Ẹ tún ka orin Dèbórà nínú Onídàájọ́ 5, àti ti Hánà nínú 1 Sámúẹ́lì 2. Bíbélì ò pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, òrìṣà wà nínú oríkì." Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà o. Ṣùgbọ́n ẹja ní egungun, a sì ń jẹ ẹja. Ìyá tó mọ oríkì mọ èyí tó lè fò, tí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́. Àwa ò bẹ Mọ̀ọ́mi bẹ́ẹ̀. Odidi ẹnu la pa dé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin ló sábà máa ń mọ oríkì ilé? Ìrìn àjò ni. Obìnrin á kúrò nílé bàbá rẹ̀. Lápá Ọ̀yọ́, á tilẹ̀ sun ẹkún ìyàwó, ewì tó fi ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀. Tó bá dé ilé ọkọ, á kọ́ oríkì ibẹ̀ kó lè kí ọkọ, kó lè rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìdílé méjì ló wà lẹ́nu ẹnì kan. Tí ẹnu yẹn bá pa dé, ilé méjì ló pa dé.

Òkukù tí a kọjá yẹn, ibẹ̀ ni òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbé. Ó kọ́ Yorùbá, ó jókòó ti àwọn ìyá, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu wọn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Òyìnbó sọdá òkun wá gbọ́. Àwa tí wọ́n bí ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí a dé gáréèjì Ọ̀fà, a yọ fóònù, a bẹ ìyá yẹn pé kí wọ́n tún sọ ọ́, ká gbà á sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé agbọ̀n wọn. Wọ́n ní, "Lọ bá ìyá rẹ." A ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, "Mọ̀ọ́mi, ẹ kì mí." Ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston, ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá ní àwọn ti gbàgbé, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀.

Àwa náà ti pinnu. Níbi ìkómọjáde tó bá kàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá àgbà ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ gba máìkì, kí àwa tó gbà á.

Olúwa á dárí jì wá. Ẹ ò ní wá ohùn ìyá yín tì. Ẹ bá wa ṣe àmín.