A Jẹ Kòkó Wọn, A Kò Ka Ìwé Wọn

Kò sí ọmọ ilé-ìwé ní Gánà tí kò mọ orúkọ Tetteh Quarshie. Alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ Gã. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po, ó mú èso kòkó bọ̀, ó sì gbìn ín sí Mampong-Akuapem ní 1879. Ìkóríta ńlá kan ní Accra níbí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn Mampong náà ń jẹ́ ẹ. Àwa Yorùbá náà jẹ nínú rẹ̀. Ìtàn sọ pé Fernando Po ni lára irúgbìn tí J.P.L. Davies fi dá oko kòkó sí Ìjọn, lẹ́bàá Agége, ti wá. Owó kòkó ló rán ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ wa lọ sílé-ìwé.

Ó dáa. Ẹ wá bi àwọn tó mọ ìtàn yìí lórí pé kí wọ́n dárúkọ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo láti erékùṣù náà. Gbogbo wọn á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mò ń bá jà.

Bioko ni wọ́n ń pe erékùṣù náà báyìí. Orí rẹ̀ ni ìlú Malabo wà, ní Equatorial Guinea. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó onímọ̀ ewéko àti ẹranko ti ń lọ síbẹ̀. Theodor Vogel, ará Jámánì tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841, ibẹ̀ ló kú sí. Gustav Mann gun òkè ńlá ibẹ̀ ní 1860 láti kó ewéko jọ. Louis Fraser sọ òwìwí kan ní Bubo poensis, ó fi orúkọ erékùṣù náà pè é. Lónìí, orúkọ Fraser fúnra rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹyẹ náà. Edun pupa tó jẹ́ pé Bioko nìkan ló kù sí ń jẹ́ orúkọ Thomas Pennant, ará Wales tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Mary Kingsley náà kọ̀wé nípa àwọn Bubi, àwọn onílẹ̀, sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1897.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Fernando Po láti 1861. Ní 1865 ó tẹ ìwé òwe kan jáde, ó sì kó òwe Yorùbá, ti Gã àti ti Twi pọ̀ sínú rẹ̀, láti inú iṣẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ti ṣe sílẹ̀. Òyìnbó tí kò ka ènìyàn dúdú kún rí ìdí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ wa wà lójú kan. Àwa tí a ni ọ̀rọ̀ kò tíì rí i.

Àwọn wo wá ni a kò kà? Juan Tomás Ávila Laurel nìyí, tí wọ́n bí sí Malabo ní 1966, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Annobón, erékùṣù kékeré kan tó tún wà nísàlẹ̀ gúúsù. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Arde el monte de noche, sọ bí ọmọdé ṣe ń dàgbà níbi tí ọkọ̀ ojú omi kì í yà, tí ebi àti onígbáméjì sì ń pa ará ìlú. Ní 2011 ó kọ oúnjẹ sílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba, lẹ́yìn náà ó lọ sí Sípéènì. Recaredo Silebo Boturu nìyí, ọmọ Bareso ní Bioko, akéwì àti olùdarí eré orí ìtàgé. Ramón Esono Ebalé náà nìyí, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n mú ní Malabo ní oṣù kẹsàn-án 2017. Wọ́n ní ó ń ṣe ayédèrú owó. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n kí ọlọ́pàá tó fẹ̀sùn kàn án tó jẹ́wọ́ ní kóòtù pé wọ́n ní kí òun sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Àwáwí wa kò lópin. Àkọ́kọ́ ni pé èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé Ávila Laurel ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì láti 2014, ó ń jẹ́ By Night the Mountain Burns. Àwa tí à ń ka ìwé ará Colombia kò lè fi Sípéènì bojú. Pichi tí wọ́n ń sọ ní Bioko sì rèé, ọmọ Krio ti Freetown ni, ọ̀rọ̀ Yorùbá kò sì wọ́n nínú Krio.

Èkejì ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ilé ìtàwé mẹ́ta ni mo ti béèrè ní Accra, èsì kan náà ni wọ́n fún mi. Èmi tí mo dúró níwájú wọn, ta ni mí?

Ẹ̀kẹta ló lágbára jù: àwọn òǹkọ̀wé tiwa gan-an kò rí ẹni kà wọ́n. Òótọ́ ni, mo wà lára wọn. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ìwé tó gba London àti New York kò lè sọ pé àyè kò sí fún aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí ju fàájì lọ. Ìjọba tó fẹ́ ti òǹkọ̀wé mọ́lé máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan máa béèrè rẹ̀. Ẹni tí a kò kà rí, a kì í mọ̀ pé ó ti sọnù. Nígbà tí Ebalé wà lẹ́wọ̀n, mélòó nínú wa ní Accra, ní Èkó, ní Cotonou ló gbọ́?

UNESCO fi Accra ṣe olú-ìlú ìwé lágbàáyé ní 2023. Kí orúkọ náà wá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùtàwé, ẹ pàṣẹ fún ẹ̀dà márùn-ún péré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àjọ̀dún ìwé, ẹ pè wọ́n wá. Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, iṣẹ́ nìyí ní Yorùbá, ní Twi àti ní Gã.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ó ti lé ní ogóje ọdún tí kòkó ti dé ọwọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ní kí a dá èso padà. Ìwé ni kí a rà, kí a sì kà á.