Ẹni Tó Ṣí Ilẹ̀kùn Sáfà Sílẹ̀ Ló Yẹ Kí Aráyé Bá Wí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá jáde pé àwọn olè orí ayélujára ti kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan lọ, aláǹgbá nìkan ni gbogbo ènìyàn máa ń bú. Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn yóò ní ògbójú olè ló ká àwọn mọ́lé; àwọn oníbàárà yóò káwọ́ lérí; ọ̀rọ̀ yóò sì rọlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé ta ló fi ògiri sílẹ̀ tó fi là.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ògiri ti máa ń là ni àṣẹ tí wọ́n fi sórí àwọn fáìlì inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde fún aráyé. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Nínú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, àti nínú Linux tó tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan dà bí yàrá nínú agbo ilé. Ó ní onílé, ó ní ẹbí, ó sì ní àwọn ará ìta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yìí ló ní nọ́ńbà tirẹ̀: 4 ni fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún mímú fáìlì ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní 7 ló ni gbogbo rẹ̀. 644 túmọ̀ sí pé onílé lè ka fáìlì, ó sì lè yí i padà, ṣùgbọ́n kíkà nìkan ni ti àwọn yòókù. 777 ńkọ́? Onílé, ẹbí àti ará ìta ni wọ́n jọ ni yàrá náà.

Bí ìwà burúkú ọ̀hún ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìkànnì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí sáfà, ó ku ọ̀la kí oníbàárà wá wò ó. Ó fẹ́ gbé àwòrán sórí rẹ̀, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé kò ní àṣẹ. Kò wádìí ẹni tó ni fódà náà. Ó wá ìdáhùn lórí ayélujára, ó rí ìlà kan ṣoṣo, ó tẹ̀ ẹ́: chmod -R 777. Ohun gbogbo ṣiṣẹ́. Oníbàárà sanwó, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó padà wá ti ilẹ̀kùn náà.

Àwọn kan máa ń gbèjà àṣà yìí pé “ará ìta” tí 777 ń sọ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lórí ayélujára, pé àwọn tó wà nínú sáfà kan náà nìkan ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ló ń dá wọn lẹ́bi. Lórí sáfà olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń lò, ta ló mọ ẹni tí í ṣe aládùúgbò rẹ̀? Bí àlàfo kékeré bá sì wà nínú ètò ìkànnì, tí olè gba ibẹ̀ wọlé, orúkọ ètò yẹn ni yóò máa jẹ́ nínú sáfà. Bí àwọn fáìlì bá wà ní títì, ìwọ̀nba ohun tí ètò náà lè fọwọ́ kàn ni olè lè fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá wà ní 777, olè yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú ètò náà, ìkànnì yóò sì di tirẹ̀ láìjẹ́ pé onílé fura. Abájọ tí ìwé ìtọ́sọ́nà WordPress fi kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún fódà kankan ní 777, títí kan fódà tí wọ́n ń gbé àwòrán sí.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Equifax ní Amẹ́ríkà ní 2017. Àlàfo kan nínú Apache Struts ni àwọn olè gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta. Ìwádìí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n wọlé tán ni wọ́n rí fáìlì kan tí wọ́n kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà sí ní gbangba. Fáìlì yẹn ló ṣílẹ̀kùn ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ 48 mìíràn fún wọn. Ọjọ́ 76 ni wọ́n lò níbẹ̀, àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 148 ènìyàn ló sì bá a lọ. 777 kọ́ ni wọ́n gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí olè lè kà lẹ́yìn tó bá wọlé ló ń pinnu bí òfò yóò ṣe tó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ 777 nìkan kọ́ ni ẹjọ́ kàn. Ẹjọ́ tó tóbi jù wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe ètò, àwọn tó ń yá ènìyàn ní sáfà àti àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n ń pinnu àṣẹ tí fáìlì tuntun yóò bá wáyé. Lórí Linux, umask ni ohun tó ń yọ àṣẹ kúrò lára fáìlì nígbà tí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Bí umask bá jẹ́ 022, bó ṣe wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, fáìlì tuntun yóò jẹ́ 644: ará ìta kò lè yí i padà, ṣùgbọ́n ó lè kà á. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá wà nínú fáìlì bẹ́ẹ̀, kíkà nìkan ti tó olè. Bí umask bá jẹ́ 027, fáìlì yóò jẹ́ 640, fódà yóò sì jẹ́ 750. Ará ìta kò ní rí nǹkan kan kà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọn kì í yí i padà. Nítorí náà, ẹni tó fi ṣíṣí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ti yàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ pé wọ́n ti yan nǹkan fún àwọn.

Wọn yóò ní títì ilẹ̀kùn máa ń da iṣẹ́ rú. Àwọn tó fẹ́ ṣe é ti ṣe é. Tomcat gbé umask rẹ̀ sí 027 láti ẹ̀dà 8.5. Láti ẹ̀dà 21.04, Ubuntu ti ń ti fódà ilé oníkálukú mọ́ ará ìta. Láti oṣù Kẹrin 2023, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi ìpamọ́ S3 tuntun mọ́ gbogbo ayé, àfi bí olówó rẹ̀ bá ṣí i. Iṣẹ́ kò tìtorí rẹ̀ dúró. Ọ̀nà tó tọ́ kò sì ju èyí lọ: kí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ sórí sáfà jẹ́ onílé, kí ètò tó ń gbé ìkànnì jáde, tó máa ń jẹ́ www-data lórí Debian àti Ubuntu, jẹ́ ẹbí tó lè kà ṣùgbọ́n tí kò lè yí nǹkan padà. Fódà àwòrán nìkan ni kí ó lè kọ nǹkan sí, kí wọ́n sì rí i pé ètò kankan kò lè ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀. Fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ ju 640 lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń gba NIN, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí aráàlú sórí ìkànnì wọn. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ní kí wọ́n dáàbò bò wọ́n, kí wọ́n sì fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72 bí jàǹbá tó lè pa aráàlú lára bá ṣẹlẹ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí olè ti lọ ni wọ́n ń ka wákàtí 72 yẹn. Ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ lè ra òmíràn. Ẹni tí wọ́n jí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò lè tún ara rẹ̀ bí.

Kí olùkọ́ tó bá ń fi 777 kọ́ ọmọ iṣẹ́ jáwọ́. Kí ẹni tó ń ta àyè lórí sáfà ti ilẹ̀kùn kó tó fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ ìkànnì fún ènìyàn béèrè àṣẹ tó wà lórí àwọn fáìlì rẹ̀ kó tó sanwó. Ẹni tó bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lónìí, kó má ṣe dìde lọ́la láti máa pariwo olè.