Ẹ̀sùn Ayédèrú Lórí Ọjà Íntánẹ́ẹ̀tì

 Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àti ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ló ti ní ìsọ̀ méjì báyìí: ọ̀kan wà ní Gbági tàbí Ìdúmọ̀tà, èkejì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìsọ̀ kejì yìí ni ìyọnu kan ti ń bá àwọn ènìyàn wa. Ọlọ́jà á jí lówùúrọ̀, á rí i pé wọ́n ti yọ ọjà òun kúrò, nítorí pé ẹnì kan kọ̀wé pé orúkọ òun tàbí fọ́tò òun ni ó fi ń ṣòwò.

Ohun méjì ni ọ̀rọ̀ yìí. Àmì ọjà ni orúkọ tàbí àwòrán tí a fi ń dá ọjà ilé iṣẹ́ kan mọ̀. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàtà tí òun fúnra rẹ̀ rán ti ṣe ayédèrú. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sì ni ti ẹni tó kọ ìwé, tó ya fọ́tò, tàbí tó gba ohùn sílẹ̀. Àwọn tó ń da wáàsì alfa kọ, tí wọ́n ń tà á láìgba àṣẹ, ọ̀dọ̀ tiwọn nìyí! Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òfin òyìnbó lásán ni. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí pinnu ní Kuwait ní 1988 pé Ṣẹ́ríà dáàbò bo ẹ̀tọ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́. Ìlànà tiwa ni pé ẹni tó pẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì sọ ohun tó sún mọ́ ọn. Ní 2004, Tiffany, àwọn tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní New York, pe eBay lẹ́jọ́ pé ayédèrú fàdákà wọn pọ̀ lórí ọjà náà. Ilé-ẹjọ́ dá eBay láre ní 2008, kòtẹ́milọ́rùn sì fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní 2010. Wọ́n ní kò tó kí aláṣẹ ọjà kàn mọ̀ pé olè wà lọ́jà. Olóhun ni kí ó nawọ́ sí ọjà náà gan-an.

Nítorí náà, bí a bá ti nawọ́ sí ọjà kan, yíyọ ló máa ń yá aláṣẹ ọjà lára, orogún òwò sì lè fi èké ṣe é. Bẹ́ẹ̀ Súrátùl-Hujurát ti ní kí a wádìí ìròyìn.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ní kí aláṣẹ ọjà tètè fi ẹ̀sùn tó ẹni tí a fẹ̀sùn kàn létí. Ọjọ́ 10 ni onítọ̀hún ní láti wí tẹnu rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò yọ ọ́. Àwọn ènìyàn wa a sì máa dákẹ́! Ọmọ ló bá wọn ṣí àkáǹtì, ọmọ ti lọ sí yunifásítì, kò sì sí ẹni tí ń ka lẹ́tà. Ti àmì ọjà kò sí nínú òfin yìí. Ìlànà ọjà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ayédèrú ni òun ń tà, kí ó yọ ọ́ lónìí. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ó fi rìsíìtì ibi tó ti rà á ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì máa fúnra rẹ̀ ya fọ́tò ọjà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ tiyín lára àdìrẹ tàbí ọṣẹ, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Àbújá. Ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, ọdún 14 ni ti àtúnṣe.